Inú yàrá ilé ni ẹ̀rọ orin oníná ti jáde: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí wọ́n ṣe ń wá àìsàn rẹ̀

Bí òde àríyá bá ti gbóná lóde òní, ìbáà jẹ́ ti jùjú, ìbáà jẹ́ ti fújì, ìbáà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn má rí ẹnì kan tó dúró nídìí kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹni náà bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á dún bí fèrè. Bí ó bá tún un tẹ̀, á dún bí gìtá, tàbí bí ìgbà tí ogójì ènìyàn bá ń kọrin pọ̀. Àwọn àgbà mìíràn á mi orí, wọ́n á ní iṣẹ́ Òyìnbó, àgbàyanu ni.

Àgbàyanu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe idán. Iná tín-ín-tín ló ń di ohùn nínú àpótí yẹn. Ohun tó sì lè ya ẹ̀yin òǹkàwé wa lẹ́nu jù ni pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni bàbá ńlá kíbọ́ọ̀dù ti jáde. Inú yàrá ilé ni, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irin gbígbóná jó lẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń dán an wò, tí kò dún, tí wọ́n tún ń tú u palẹ̀. Synthesizer ni Òyìnbó ń pe ẹ̀rọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ẹ̀rọ tó ń fi iná to ohùn pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, láìsí okùn tí wọ́n ń ta, láìsí awọ tí wọ́n ń lù, láìsí ihò tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì wà ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì tí wọ́n ń ṣe é fúnra wọn nílé, bẹ́ẹ̀ owó wà lọ́wọ́ wọn láti ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Bí ènìyàn bá wo iṣẹ́ wọn fínnífínní, á rí i pé tító o pọ̀ kọ́ ló le jù. Wíwá ohun tó ń ṣe é nígbà tó bá kọ̀ tí kò dún, iṣẹ́ nìyẹn gan-an. Ẹni tó bá mọ ìyẹn ló mọ ẹ̀rọ.

Ọmọ ọdún 14 àti bàbá rẹ̀

Ní ọdún 1949, ní àdúgbò Flushing ní ìlú New York, ọmọdékùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Moog. Ọmọ ọdún 14 ni. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ ni pé kó di ògbóǹtarìgì nídìí dùùrù, ó sì ń fi ipá mú un jókòó tì í. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ọkàn ọmọ wà. Ẹnjiníà ni bàbá náà ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, ó sì ní yàrá iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé, níbi tí òun àti ọmọ rẹ̀ ti jọ máa ń jó lẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ yìí rí àwòrán ẹ̀rọ kan nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ iná. Theremin ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Leon Theremin, ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1920. Àrà tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń lò ó kì í fi ọwọ́ kàn án rárá. Ọwọ́ kan ni yóò máa sún mọ́ irin kan tó nà sókè, bí ó bá ti ń sún mọ́ ọn ni ohùn ń ròkè. Ọwọ́ kejì ni yóò fi máa dín ariwo rẹ̀ kù tàbí kó fi kún un. Moog to tirẹ̀ pọ̀, ó sì dún.

Kò dúró níbẹ̀ o. Nígbà tó di ọdún 1954, òun àti bàbá rẹ̀ ti ń ta theremin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ní ọdún 1961, nígbà tó ṣì ń kàwé ní Yunifásítì Cornell, ó dá ọgbọ́n mìíràn. Ó kó àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà sínú páálí láì tíì tò wọ́n pọ̀, ó sì ń tà á ní dọ́là 49 àti sẹ́ǹtì 95, kí ẹni tó bá rà á lè lọ tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ló tà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ilé ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn yóò tún lọ parí rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀.

Kì í ṣe Moog nìkan ló ṣe irú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Hugh Le Caine ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀rọ orin oníná tirẹ̀ láti ọdún 1945. Iṣẹ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ ló ń ṣe lọ́sàn-án, ilé ló ti ń ṣe ti orin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Daphne Oram fi iṣẹ́ rédíò BBC sílẹ̀ ní ọdún 1959, ó gba inú ilé kan tí wọ́n ti máa ń sá ohun ọ̀gbìn tẹ́lẹ̀ ní Kent lọ, ó sì kan ẹ̀rọ kan síbẹ̀ tó ń sọ àwòrán tí ènìyàn bá fi ọwọ́ yà sórí fíìmù di ohùn. Ẹ̀rọ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Science Museum ní London.

Bọ́tìnnì agogo ẹnu ọ̀nà

Lára àwọn tó ra theremin Moog ni olùkọ́ orin kan tó ń jẹ́ Herbert Deutsch. Àwọn méjèèjì pàdé ní òpin ọdún 1963, Deutsch sì sọ fún un pé ohun tí òun ń fẹ́ ju theremin lọ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tí olórin lè jókòó tì, kó fi dá ohùn tuntun sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1964 ó lọ bá Moog ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Trumansburg, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìṣòro kan wá yọjú. Ohùn ẹ̀rọ náà ń dún lọ gbuurugbu ni, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gbogbo orin ló ní bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Agogo tí wọ́n lù, kíá ló wọlé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń kú. Fèrè ní tirẹ̀, bí ẹ̀mí afọnfèrè bá ti tán ló dákẹ́. Moog rán Deutsch lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti irinṣẹ́, pé kó lọ ra bọ́tìnnì agogo ẹnu ọ̀nà wá. Bọ́tìnnì yìí ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á wọlé. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ohùn á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, Moog ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fi han àwọn ẹnjiníà ohùn níbi ìpàdé wọn ní New York.

Ní ọdún 1968, ẹ̀rọ yìí di ìlú mọ̀ ọ́n ká. Olórin kan, Wendy Carlos, ló gbé e dé ibẹ̀ nípa àwo orin tó pè ní Switched-On Bach, tó jẹ́ orin Bach, àgbà olórin Jámánì ayé àtijọ́. Inú ilé ni Carlos ti ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ tó sì fi gba ohùn sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi àwọn ẹ̀yà tó rí tò ó pọ̀. Nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ Moog lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó ní láti ta ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì tò wọ́n lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ dúró léraléra láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohùn ẹ̀rọ ti yẹ̀. Àwo náà tà ju mílíọ̀nù kan lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí ni kékeré inú wọn jáde, Minimoog, ní ọdún 1970. Bill Hemsath, ẹnjiníà kan lọ́dọ̀ Moog, ló kọ́kọ́ tò ó pọ̀ nígbà ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán, nínú àwọn àjákù ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Àjákù ló bí èyí tí àwọn olórin ayé ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Gángan ni kí ẹ fi wò ó

Ẹni tó bá mọ gángan kò ní pẹ́ mọ synthesizer. Nígbà tí onílù bá fi apá fún ọṣán, awọ á fà, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹ ọṣán, ohùn á wálẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni Moog gbà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé agbára iná, èyí tí wọ́n ń fi volt wọ̀n, ni ó fi ṣe apá tí ń fún ọṣán. Bí volt bá pọ̀, ohùn á lọ sókè. Bí volt bá dín, ohùn á wálẹ̀.

Ẹ̀yà mẹ́rin ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni apá tó ń pe ohùn. Èyí ni orísun, ohùn rẹ̀ sì máa ń ki, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pè é ní igbe. Èkejì dà bí asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì: ó ń yọ èérí ohùn kúrò, èyí tó bá kọjá nínú rẹ̀ á wá jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn, òun ló ń jẹ́ kí ohùn jáde tàbí kó dúró sínú. Ẹ̀kẹrin ni adènà tí ń ṣí ilẹ̀kùn náà, tó ń pinnu bóyá kíá ni yóò ṣí i tàbí díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ adènà yìí ni bọ́tìnnì agogo Deutsch kọ́kọ́ ṣe.

Ìwọ̀n tí Moog fi lélẹ̀ rọrùn láti rántí. Bí wọ́n bá fi volt 1 kún un, iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n á di ìlọ́po méjì. Ohùn tí àwọn olórin ń pè ní A, tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 220 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á di 440 pẹ̀lú volt 1, á sì di 880 pẹ̀lú volt 2. Ohùn kan náà ni wọ́n, ọ̀kan kàn ga ju èkejì lọ ni, bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá jọ ń kọ orin kan. Ìgbésẹ̀ 12 ló wà láàárín A kan sí èkejì, nítorí náà volt kan ni wọ́n pín sí ọ̀nà 12. Bí volt bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ṣìnà, etí tó já fáfá á mọ̀ pé orin ti yẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Tránsístọ̀ tó ń ṣe ìṣirò yìí nínú ẹ̀rọ kì í fẹ́ ooru. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ohùn á yẹ̀. Kò yàtọ̀ sí ìlù wa. Ẹ̀yin tó mọ̀, ẹ mọ̀ pé ìlù tí òtútù bá mú, awọ rẹ̀ á dẹ̀, àfi kí wọ́n sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe é nílé ń dá ni pé wọ́n á wá tránsístọ̀ méjì tó bára dọ́gba, wọ́n á lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ooru ọ̀kan lè jẹ́ ooru èkejì, kí wọ́n lè máa ṣe bákan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn rẹ̀ bá ara mu.

Bátìrì kan, áísíì kan

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí. Ohun díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Áísíì kan wà, èyíinì ni kókó dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó máa ń wà lórí páńẹ́ẹ̀lì rédíò, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 40106. Ẹsẹ̀ 14 ló ní, ẹ̀yà mẹ́fà tó jọra ló sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì lè pe ohùn kan. Bátìrì 9-volt ti tó o.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ fi ọkàn ya àwòrán kèrègbè kan tí omi ń ṣàn sínú rẹ̀. Bó bá kún dé ibì kan, á dojú dé, á da omi nù, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi. Kapásítọ̀ ni kèrègbè náà, iná ni omi, résítọ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀, kèrègbè á yára kún, á yára dà, ohùn á sì ga. Bí ó bá há, ohùn á wálẹ̀. Résítọ̀ tó ṣeé yí, irú èyí tí wọ́n fi ń yí fọ́lúùmù rédíò, ni wọ́n máa ń lò, kí ọwọ́ lè máa darí ohùn.

Résítọ̀ á lọ láti ẹsẹ̀ 2 sí ẹsẹ̀ 1, kapásítọ̀ á lọ láti ẹsẹ̀ 1 sí ẹnu òdì bátìrì. Ẹsẹ̀ 14 á gba ẹnu rere bátìrì, ẹsẹ̀ 7 á gba òdì. Ẹsẹ̀ 2 yìí náà ni ohùn ń gbà jáde lọ sí ámpù kékeré. Bí résítọ̀ bá jẹ́ 100 kilo-ohm, tí kapásítọ̀ jẹ́ 0.1 microfarad, ohùn náà á máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó dún dáadáa.

Irú rẹ̀ mìíràn ni áísíì 555, tí Hans Camenzind, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń gbé Amẹ́ríkà, yà ní ọdún 1971. Kì í ṣe orin ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, iṣẹ́ kíka àkókò nínú ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1980 sí 1989, Forrest Mims ya àwòrán bí wọ́n ṣe lè so méjì pọ̀ kí ó máa pe ohùn nínú àwọn ìwé kékeré tó ń kọ fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ iná. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń kọ́ṣẹ́ títí di òní.

Nígbà tí kò bá dún

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́. Ẹni tó bá to ẹ̀rọ pọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó má dún. Á tàn án, á dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀pọ̀ ló máa ń binú níbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí, wọ́n á pààrọ̀ tọ̀hún, títí àléébù kan á fi di mẹ́rin. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí dókítà tó gbọ́n ṣe máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn kó tó fún un ní abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ojú ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò. Wọ́n á pa iná, wọ́n á gbé páńẹ́ẹ̀lì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n á sì yẹ ibi gbogbo tí wọ́n jó wò. Lẹ́ẹ̀dì tó gbá a mú dáadáa máa ń dán, á sì rọra gun ẹsẹ̀ wáyà bí ilẹ̀ òkè kékeré. Èyí tí kò gbá a mú máa ń ràn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó jókòó lásán ni. Bí wọ́n bá fi ìka mì í, ohùn á wá, á tún lọ. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí wọ́n tún fi irin gbígbóná kàn án, pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀. Wọ́n á tún wò ó bóyá lẹ́ẹ̀dì ti ṣàn láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, tí wọ́n fi bríìjì.

Lẹ́yìn ojú, ó kan mítà. Ibi tí iná ń gbà wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀n. Fún áísíì 40106, ẹsẹ̀ 14 àti 7 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí volt 9 hàn. Bí kò bá sí iná níbẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá gbọ́n a máa wọn iná yìí kó tó ki áísíì bọ ihò rẹ̀ pàápàá, nítorí iná tó bá wọlé lódìkejì lè pa á lójú ẹsẹ̀. Áísíì ní àmì lórí, ihò kékeré tàbí ibi tí wọ́n gé díẹ̀ ní orí rẹ̀, tó ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ 1 wà. Ẹni tó bá kì í sódì, bí ẹni tó wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì ni, àfi pé bàtà kì í gbiná. Kapásítọ̀ oníke tó rí bí agolo kékeré náà ní òdì àti rere. Bí wọ́n bá so ó sódì, ó lè wú, ó sì lè bẹ́.

Bí iná bá wà tí ohùn kò sì wá, wọ́n á tọ ohùn láti orísun rẹ̀. Wọ́n á mú ámpù kékeré kan tó ní sípíkà, wọ́n á fi wáyà rẹ̀ kan ẹnu apá tó ń pe ohùn. Bí ó bá dún níbẹ̀, a jẹ́ pé orísun yè. Wọ́n á bọ́ sídìí asẹ́, wọ́n á kan ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Bí ó bá wọlé tí kò jáde, ọwọ́ ti ba olè. Bí omi kò bá dé ilé, ènìyàn kì í wú gbogbo ọ̀pá omi ìgboro, ìdí kànga ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ bọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gùn, àárín ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn: bí ohùn bá dé àárín, ìdajì àkọ́kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Àléébù mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ń dún, ṣùgbọ́n ó ń sọ ìsọkúsọ. Nínú áísíì 40106, bí wọ́n bá fi àwọn ẹsẹ̀ tó ń gba iná wọlé sílẹ̀ lófo nítorí pé wọn kò lò wọ́n, wọ́n á máa gbá afẹ́fẹ́ kiri, wọ́n á sì máa da ti àwọn yòókù rú. Kí wọ́n so wọ́n mọ́ ẹnu òdì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ohùn bá ń há bí ẹni ń họ irin nígbà tí wọ́n bá yí bọ́tìnnì, eruku ló wọ inú résítọ̀ náà, ó fẹ́ fífọ̀.

Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù ni kíkùn. Ẹ̀rọ á máa kùn hùùn lábẹ́ orin, kò ní dákẹ́. Ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná mànàmáná máa ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní Amẹ́ríkà ìgbà 60 ni. Kíkùn yẹn ni ohùn rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ rọrùn: wọ́n á yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná ògiri, wọ́n á fi bátìrì sí i. Bí kíkùn bá dákẹ́, ara ohun tó ń gbé iná wá ni ẹ̀bi wà. Bí kò bá dákẹ́, wọ́n á lọ wo wáyà tó lọ sí ẹnu òdì, bóyá ó ti já tàbí ó gba ọ̀nà méjì lọ síbì kan náà.

Òfin kan ṣoṣo ló borí gbogbo èyí: ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á yí ohun kan padà, wọ́n á dán an wò, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀rọ sì dún, kò mọ èyí tó wò ó sàn. Bó bá bàjẹ́ lọ́la, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Iná kò mọ ọmọ olówó

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o. Bátìrì 9-volt kò lè pa ènìyàn, ṣùgbọ́n iná tó ń bọ̀ láti ògiri, tó jẹ́ volt 220 sí 240 nílẹ̀ wa, lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ tú àpótí tó ń gba iná ògiri. Pé wọ́n ti yọ ọ́ lára iná kò tó, nítorí kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè gbé iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà, bí ejò tó dà bíi pé ó ti kú. Bátìrì ni kó lò, tàbí ṣájà tó ti wá ní dídè láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣeé fọkàn tán. Lẹ́ẹ̀dì náà kò dára lára: ojú fèrèsé tó ṣí ni kí wọ́n ti máa jó o, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun.

Orúkọ tó sọnù, ọgbọ́n tí kò sọnù

Ibi tí ọ̀rọ̀ Moog parí sí yẹ kó dun ènìyàn, ó sì yẹ kó kọ́ni. Òkìkí kàn, ṣùgbọ́n gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1971, agbára ilé iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún di ti ilé iṣẹ́ ńlá kan. Nígbà tó di ọdún 1977, Moog fi ibẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kò lè fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ bí i sí ta ẹ̀rọ mọ́. Ó kó lọ sí North Carolina, ó dá ilé iṣẹ́ kékeré mìíràn sílẹ̀ ní ọdún 1978 tó pè ní Big Briar, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe theremin, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ó di ọdún 2002 kó tó gba ẹ̀tọ́ láti fi orúkọ Moog ṣòwò padà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ó kú ní ẹni ọdún 71.

Wọ́n gba orúkọ rẹ̀, wọn kò rí ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni, tó ti wọ inú ọpọlọ, kò sí onígbèsè tó lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe nílé yìí fi ṣe pàtàkì. Kíbọ́ọ̀dù òde òní, bí kọ̀ǹpútà ni inú ọ̀pọ̀ wọn rí, bí wọ́n bá sì dákẹ́, jíjù sí ẹ̀yìnkùlé ni. Bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kò ju wáyà kan tó ṣí tàbí ihò ṣájà tó mì lọ. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní ìgboro wa mọ ọgbọ́n yìí, ojú, mítà, kí wọ́n sì tọ ohùn láti orísun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá wọlé lọ́jọ́ kan tí ẹ bá ọmọ yín tó ti tú rédíò palẹ̀ sórí ẹní, ẹ má tètè gbá a létí. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rédíò wà lára iná ògiri, kí ẹ yọ ọ́ kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá. Bí ó bá lè dáhùn, ẹ ra bátìrì 9-volt kan fún un, kí ẹ sì mú un lọ jókòó ti atúnrédíòṣe àdúgbò ní àkókò ìsinmi. Bí kò bá sì lè dáhùn, ẹ ní kó dà á pọ̀ bí ó ṣe bá a. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.